Ìlú Tí Kò Ní Etíkun, Kí Ni Yóò Máa Tà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Kajú ni mo ń rà ní Kábà àti Ìsánlú, tí mo ń kó lọ sí Èkó. Ọmọ mi tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun kì í rọ́wọ́ mú lọ́jà àgbáyé, àfi bí wọ́n bá ń ta oríṣiríṣi nǹkan. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Oníkajú, Kábà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ọmọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè 32 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà mọ́ àwọn tí ó ń gòkè àgbà láìní etíkun. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ẹrù wọn ń gbà dé èbúté, nítorí náà bí ọ̀nà aládùúgbò bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá ti ẹnubodè rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń jìyà rẹ̀. Òwú ni Burkina Faso gbójú lé tẹ́lẹ̀, kí wúrà tó gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2009. Èmi kò ka ìyẹn sí oríṣiríṣi ọjà rárá, nítorí bí owó wúrà bá já wálẹ̀, ibi tí wọ́n wà nígbà òwú náà ni wọn yóò tún bá ara wọn.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni bí ẹrù ṣe wúwo tó sí iye tí ó ń pa. Òdòdó ni Ethiopia ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé láti Addis Ababa lọ sí Netherlands, torí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì lè gbé owó ọkọ̀. Ẹ wá wo àpò kajú yín. Nígbà tí oníbàárà bá fi ọ̀bẹ la kóró kajú sí méjì, tí ó ń wò ó bóyá ó funfun, ọmọ inú rẹ̀ ni ó fẹ́ rà. Kílò 4 sí 5 kóró ni a ó sì pa kí a tó rí kílò 1 ọmọ inú. Èèpo ni ẹ ń san owó tírélà lé lórí jù láti Kábà dé Èkó, òun náà ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé dé Vietnam àti India, níbi tí wọ́n ti ń pa á. Nàìjíríà ní òkun, Kábà kò ní.

Bí ẹ̀yin oníkajú bá para pọ̀ ra ẹ̀rọ tí ń se kóró àti èyí tí ń pa á, ẹ má gbàgbé ìbọ̀wọ́, nítorí òróró inú èèpo a máa bó ènìyàn lọ́wọ́. Èèpo náà ṣeé dá iná sí ìdí ìkòkò tí ẹ fi ń se òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí kọfí àti kòkó agbègbè yín di ohun ìgbàgbé nítorí kajú.