Kí ni Morgagni ṣe táwọn tó ṣáájú rẹ̀ ò ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ṣàgámù ní Morgagni ni baba pàtọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tí àìsàn ń bà jẹ́ nínú ara. Ṣebí wọ́n ti ń la òkú kí wọ́n tó bí i? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ sọ. Vesalius, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1543, àmọ́ bí ara tó dá ṣáṣá ṣe rí ló ń wá. Bonet, oníṣègùn kan, náà kó ìtàn òkú rẹpẹtẹ jọ ní 1679, ṣùgbọ́n wọ́n dàrú mọ́ra.

Forlì ní Ítálì ni wọ́n bí Giovanni Battista Morgagni sí ní 1682. Ó gboyè ní Bologna ní 1701, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Valsalva olùkọ́ rẹ̀, ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Padua, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1771. Ẹni ọdún 79 ni nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1761: lẹ́tà 70, òkú bí i 700.

Ìtàn aláìsàn ló kọ́kọ́ máa ń kọ: ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tó ń dùn ún, bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá nínú òkú ló tẹ̀ lé e, yóò sì fi ọ̀kan wé èkejì. Atọ́ka ìwé náà ló wú wa lórí jù. Ẹni tó mọ àmì àìsàn lè fi wá ohun tó bà jẹ́ nínú ara. Ẹni tó rí ohun tó bà jẹ́ lè fi wá àmì. Àfi bí alájọ Òkè-Ajé tó ní ìwé méjì, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún ọjọ́.

Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀. Bí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bá rọ, ọpọlọ apá òsì ló sábà máa ń bà jẹ́. Valsalva ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Morgagni fi òkú lórí òkú fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ bá wa sọ fún ọmọ yín pé ẹ̀jẹ̀ dídì nínú òkú máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ gan-an. Èyí tó dì lẹ́yìn ikú máa ń tutù, ó ń dán, ó ń fà bíi rọ́bà, òkè rẹ̀ lè rí bí ọ̀rá adìyẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí tó dì nígbà ayé gbẹ, ó ń rún, ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kó wo bó ṣe lẹ̀ mọ́ iṣan kó tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.