Báwo ni wọ́n ṣe ń kápá háídrójìn nínú ilé ààbò rìákítọ̀ (ilé líle tó bo ẹ̀rọ núkílíà) lẹ́yìn ìjàǹbá?

Tí omi bá gbẹ lórí epo núkílíà, irin sìkóníọ́mù tó bò ó á gbóná; bó bá tó nǹkan bí 1,200°C, á máa yára gba ọ́síjìn inú ooru omi, háídrójìn á sì ṣẹ́kù. Bí ìyẹn bá ti tó 4% nínú afẹ́fẹ́, ó lè gbiná.

Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi náítrójìn kún ilé náà ṣáájú, kí ọ́síjìn tí iná nílò má baà sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń dáná sun háídrójìn díẹ̀díẹ̀ kó tó pọ̀ jù. Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀rọ onípàládíọ́mù tàbí plátínọ́mù, tó ń sọ ọ́ di omi láìlo iná mànàmáná.

Náítrójìn wà ní iléeṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Japan lọ́dún 2011 o, ṣùgbọ́n háídrójìn jò bọ́ sínú ilé tó yí ilé ààbò ká. Ibẹ̀ ló ti bú gbàmù.