Rọ́bà oúnjẹ bàbá tó ń dí, àti ikọ́ yẹn

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní rọ́bà oúnjẹ tí wọ́n kì sí wọn nímú ti dí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tún wá ní wọ́n máa ń wúkọ́ tí ẹ bá ń fún wọn lóúnjẹ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bọ́ màmá mi báyẹn lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé nǹkan mì mọ́, mi ò lè rí ọ̀rọ̀ yín kí n kọjá.

Ikọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju dídí lọ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dá oúnjẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí rọ́bà lè ti yẹ̀ kí oúnjẹ máa gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ wo àmì tí nọ́ọ̀sì fà sára rọ́bà níbi ihò imú, tó bá ti sún, ẹ má fi nǹkankan sí i, omi gan-an ẹ má fi sí i. Àwa máa ń fi sírínjì fa omi inú ikùn díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, a ó kán an sórí bébà pH (bébà tó ń fi bí omi náà ṣe kan tó hàn), 5.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ la fẹ́ rí, tó bá ti jù ú lọ nọ́ọ̀sì là ń pè. Lọ́jọ́ kan oorun ń kun màmá, mo ṣàánú wọn, mo tẹ́ wọn gbalaja lẹ́yìn oúnjẹ, kò pẹ́ ló bá ń padà jáde lẹ́nu àti nímú wọn, òtútù àyà ló yọrí sí. Látìgbà náà ìrọ̀rí ò kúrò lẹ́yìn wọn, orí máa wà lókè dáadáa (30 sí 45 digirí) títí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ti dídí, ẹ bi ara yín nípa oògùn. Èmi máa ń lọ̀ gbogbo oògùn àárọ̀ pọ̀ ni, márùn-ún, màá dà á sínú oúnjẹ kó lè yá, nígbà tí wọ́n máa yọ rọ́bà yẹn, nǹkan funfun ló dì sínú ẹ̀ bí ẹfun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fún wọn, omi díẹ̀ láàárín, omi 30 ml ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ bi apòògùn èyí tí kò ṣeé lọ̀ o, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀, tí ẹ bá lọ̀ ọ́ gbogbo ẹ̀ á wọra lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti dí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sírínjì ńlá 50 ml, ẹ rọra máa tì í kí ẹ máa fà á, sírínjì kékeré lè bẹ́ rọ́bà, ẹ má sì ki wáyà bọ̀ ọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lónìí kí ẹ tó tún fún wọn lóúnjẹ.