Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹgbẹ́ Ojúgbà fún Àwọn Tó Ń So Yunifásítì Mọ́ Àwùjọ

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ mi ní yunifásítì ni kí n máa ṣètò iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń bá àwọn ará àdúgbò ṣe. Èmi nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Mo fẹ́ kó àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní yunifásítì mìíràn jọ, ká lè máa kọ́ ara wa. Èèyàn mélòó ló tó?

Mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tí ẹ kò bá ju mẹ́rin lọ, ọjọ́ tí ẹni méjì bá rìnrìn àjò, ìpàdé ti dà rú nìyẹn. Tí ẹ bá ju mẹ́jọ lọ, ó máa pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹnì kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò sì kàn kì í pẹ́ ṣíwọ́ wíwá. Ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún 90 ìṣẹ́jú. Ẹ dá oṣù mẹ́sàn-án fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ pinnu bóyá kó máa lọ. Ẹ má fi ọ̀gá àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan náà, nítorí kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́ àṣìṣe níwájú ẹni tí yóò sọ bóyá kí wọ́n gbé e ga.

Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1940, Reg Revans, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú rẹ̀ fún àwọn alábòójútó ibi ìwakùsà èédú: ó ní kí wọ́n gbé ìṣòro iṣẹ́ wọn síwájú ara wọn dípò kí wọ́n máa dúró de olùkọ́.

A ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin. Oníkálukú kàn ń ka ohun tó ṣe lóṣù yẹn ni, àbí ká máa ráhùn nípa àwọn aláṣẹ. Níbo la ti ṣìnà?

Ìròyìn ló ń pa ìpàdé yín. Ẹni tó ń ka ohun tó ti ṣe tán kò wá ìrànwọ́, kò sì sí ohun tí àwọn tó ń gbọ́ ọ lè ṣe ju kí wọ́n mi orí lọ. Ìbéèrè tí ẹni tó ni ín kò tíì rí ojútùú sí ni kí ẹ máa gbé wá.

Kí ẹni méjì tó kàn kọ ìdajì ojú ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, kí ó sì parí sí ìbéèrè kan ṣoṣo. “Báwo la ṣe lè mú kí àwùjọ fọkàn tán wa?” ti fẹ̀ jù, ìwàásù ló máa bí. “Ẹ̀ka ìṣúná wa kì í sanwó títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹgbẹ́ àdúgbò kò sì lówó tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n lọ bá, kí ni kí n sì béèrè?” Èyí ṣeé dì mú.

Ẹ fi 10 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá ti ṣe. Ẹ má fo èyí láéláé. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba 35: ìṣẹ́jú 7 fún àlàyé, 8 fún ìbéèrè nìkan, 15 tí àwọn yòókù á fi jíròrò nígbà tí ọlọ́rọ̀ dákẹ́ tó ń kọ̀wé, 5 tí yóò fi sọ ohun tí yóò ṣe àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Ìṣẹ́jú 10 tó kù wà fún yíyan atọ́kùn àti ọlọ́rọ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́jú 8 yẹn ló le jù. “Ṣé kò yẹ kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn?” kì í ṣe ìbéèrè, ìmọ̀ràn ló gbé aṣọ ìbéèrè wọ̀, kí atọ́kùn dá a dúró lójú ẹsẹ̀. “Ta ló ń fọwọ́ sí owó náà?” ni ìbéèrè. Ìmọ̀ràn tó bá yá jù sábà máa ń yanjú ìṣòro yunifásítì ẹni tó mú un wá, kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀. Ní ti ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 15, tí ọlọ́rọ̀ bá lè fèsì, ara rẹ̀ ni yóò máa gbèjà títí àkókò á fi tán. Kó yí àga rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín. Tó bá jẹ́ orí fídíò ni, kó pa kámẹ́rà.

Ẹ má fòfin de ìráhùn. Ẹni tó bá ráhùn lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà, òun ló ni ọ̀rọ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Ṣé ká pe àwọn ará àdúgbò wá sínú ẹgbẹ́?

Kì í ṣe sí ìpàdé tí ẹ ti ń tú ọ̀rọ̀ wọn palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò gbọ́ ohùn wọn rí yóò kàn máa tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn ni. Ẹ yọ̀ǹda ìpàdé méjì nínú mẹ́sàn-án fún wọn: àwọn ni kó mú ìbéèrè wá, kí ẹ sì san owó àkókò àti ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Ní oṣù yòókù, ẹ yọ orúkọ àdúgbò kúrò nínú ìwé. Ẹ̀kọ́ lè jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde.

Ọ̀gá mi ń béèrè èrè tí yunifásítì ń rí níbẹ̀.

Ẹ má ka iye ẹni tó wá fún un. Ẹ ya ìwé sí òpó mẹ́rin: ọjọ́, ìbéèrè, ìpinnu, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ “kò sí” síbi tí kò bá sí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń gba ìdánimọ̀ Carnegie (ẹ̀rí tí Àjọ Carnegie fún ètò ẹ̀kọ́ dá sílẹ̀ fún yunifásítì tó ń bá àwùjọ ṣiṣẹ́ dáadáa) láti 2006, wọ́n máa ń béèrè bí yunifásítì ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ yìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wúlò níbẹ̀. Ìlà tiyín nìkan ni kí ẹ fi han ọ̀gá; ti àwọn ojúgbà yín kì í ṣe tiyín láti gbé jáde.