Èsì: Kí ló dé tí Róòmù fi pàdánù Ogun Òpó Ọkọ̀?

Ogun ojú omi ni èyí, láàárín Róòmù Ìlà-Oòrùn (Byzantium) àti àwọn Lárúbáwá. Iná olómi (ohun olómi tó ń jó, tí wọ́n ń tú sí ọkọ̀ ọ̀tá) tí ẹ béèrè pé kí ló dé tí Róòmù kò lò ó, kò tíì sí nígbà yẹn o. Ó tó nǹkan bí ọdún 672 kó tó dé. Ní nǹkan bí 655, létíkun Phoenix (Finike ní Tọ́kì lónìí), ọfà ni wọ́n kọ́kọ́ ta síra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ọkọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ sì ni Róòmù ti kàgbákò: ọkọ̀ tí a so kò ṣeé yí, ìmọ̀ òkun wọn di òfo, ó ku idà lójúkojú. Ọmọ ogun Abdallah ibn Sa'd, olórí ogun àwọn Lárúbáwá, ló mọ ìyẹn jù. Àwọn ará Íjíbítì àti Síríà, ọmọ abẹ́ Róòmù àná, ló sì ń tukọ̀ fún un! Constans Kejì, ọba Róòmù, pààrọ̀ aṣọ pẹ̀lú ẹlòmíràn kó tó ráyè sá.