Tíṣà fẹ́ máa gbé ilé wa: kí ni kó máa ṣe fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ìwé kẹrin ló wà. Ìṣirò àti ìwé kíkà ń pọ́n ọn lójú, èmi àti bàbá rẹ̀ kì í sì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó gbà láti máa gbé ọ̀dọ̀ wa kó máa kọ́ ọ. Ṣé owó wa ò ní wọgbó báyìí? (Ìyá ọmọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Owó yín ò ní wọgbó, bí kò bá ṣe pé ẹ fẹ́ kí ọmọ máa kàwé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé tó ti rẹ̀, kí ló fẹ́ fi lẹ́sìn wákàtí mẹ́ta ṣe? Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó ṣeré díẹ̀. Àǹfààní tíṣà inú ilé ni pé ó ráyè jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, kó wo ibi tí nǹkan ti dàrú gan-an. Tíṣà kíláàsì ò ráyè yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ yẹ ojú àti etí wò. Ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa lè má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí tíṣà fún un ní 52 − 27. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 35. Tíṣà tó ń kánjú á fa igi pupa sí i, á ní kò ronú. Ó ronú o! Ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó rí 5. Ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó rí 3. Kò tíì yé e pé 5 tó wà níwájú yẹn, àádọ́ta ni. Iṣẹ́ ìwé kejì nìyẹn, ibẹ̀ sì ni kí tíṣà padà sí, ibi yòówù kí kíláàsì wà lónìí. Kó di igi ìṣáná ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì, kó ní kí ọmọ fún òun ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i pé àfi kí òun tú ìdì kan. Bó bá gbọ́ òǹkà Yorùbá, ó tún yá: láti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n dé ọgbọ̀n, mẹ́ta; láti ọgbọ̀n dé méjìléláàádọ́ta, méjìlélógún; ó di márùndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé bí tíṣà bá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ, kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣíwájú rẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní ti ìwé kíkà, kí tíṣà bo àwòrán, kó sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ewé. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lọmọ há a sórí, àṣírí á tú. Ìwé tó rọ̀ ju ti kíláàsì rẹ̀ ni kó máa kà sókè lójoojúmọ́, kó má pẹ́ jù.

Iṣẹ́ àmúrelé ni ọ̀pọ̀ tíṣà inú ilé fi ń ba ọmọ jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé máàkì lẹ máa wò, wọ́n á bá a ṣe é. Ẹ sọ fún tíṣà yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ fara mọ́ ọn kí ọmọ gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá fúnra rẹ̀.

Ẹ gba onídùúró lọ́wọ́ tíṣà. Ẹ fún un ní yàrá tirẹ̀, kì í ṣe yàrá ọmọ. Pálọ̀ ni kí wọ́n ti máa kàwé, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kò gbọdọ̀ sí pàṣán. Ẹ fún un lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má sì rán an lọ fọ mọ́tò: tí ọmọ bá rí i bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Tí táàmù bá parí, ẹ má wo ipò tó gbà ní kíláàsì. Ẹ gbé ìwé tí kò kà rí lé e lọ́wọ́, kí tíṣà wà níta, kí ẹ jókòó kó kà á fún yín.