Tó o bá ń lọ Chengdu, jẹ́ kí panda ṣíwájú ata

Àbúrò, o ní ọjọ́ mẹ́ta péré lo máa lò ní Chengdu, ìlú kan ní Ṣáínà, lóṣù Keje, àti pé ata ò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan torí ata rodo ni wọ́n fi tọ́ ẹ dàgbà. Ohun témi náà sọ nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo jókòó ti huoguo, ìkòkò tó ń hó láàárín tábìlì, tí kálukú ń ti ẹran àti ewébẹ̀ bọ̀. Òróró rẹ̀ pọ́n, ata gbígbẹ bo ojú ẹ̀. Àmọ́ ata yẹn kọ́ ló mú mi. Èso wóró-wóró tí wọ́n ń pè ní huajiao ni. Ṣé o mọ bí orín àtà ṣe máa ń pa ahọ́n èèyàn? Ẹbí igi kan náà ni wọ́n. Ètè mi kú, mi ò mọ bí ata tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó mọ́, mo sáà ń jẹ lọ. Ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kí n fojú kan oorun mọ́jú.

Bí mo ṣe pẹ́ dé ọgbà panda nìyẹn, ẹranko dúdú-funfun tó jọ béárì. Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, oòrùn ti mú. Tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n Celsius bíi 26, inú ilé ni wọ́n ń kó àwọn panda sí. Ẹ̀yìn panda méjì tó ń sùn ni mo rí, èrò sì ń tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje àbọ̀ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Panda kan fìdí jókòó bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìjókòó, ó ń feyín bó ọparun bí ẹni bó ìrèké, ó ń rún un wómúwómú. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Panda mẹ́fà tí wọ́n gbà là nínú igbó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà yẹn lọ́dún 1987. Nígbà tí mo rántí ìyẹn, omi lé sí mi lójú.

Nítorí náà, fi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kó o wọ rélùwéè Line 3 dé ibùdókọ̀ Xiongmao Dadao láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni kó o tó jẹ huoguo. Ìkòkò alápá méjì, yuanyang, ni kó o ní kí wọ́n gbé wá: apá kan pupa, èkejì ò láta. Máa ti ẹran bọ òróró yánmọtí alálùbọ́sà-ayù kó o tó fi sẹ́nu, ó ń rọ ata lójú.